Àṣẹ Ti Pọ̀ Jù Lórí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń jágbe mọ́, síbẹ̀ ilẹ̀ kì í mọ́ ní Ọdẹ́dá kí nǹkan tí kò lẹ́mìí má pàṣẹ fún mi. Kì í ṣe Aláké ló ń pàṣẹ náà o, kì í ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe ìyá ìyàwó mi pàápàá. Ògiri ni. Páálí oògùn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó ni. Fóònù tí mo fi owó ara mi rà, tí mò ń wá iná kiri láti ṣáàjì rẹ̀, òun náà ń rán mi níṣẹ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀ pé mo ti ní ọmọ ọmọ.

Bí mo bá jáde láàárọ̀, tí mo gbé àpótí irinṣẹ́ káfíńtà mi kọ́ èjìká, ògiri tó dojú kọ ilé mi ló ń kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. “POST NO BILL.” Mi ò ní pósítà lọ́wọ́, mi ò díje du ipò kankan. Mo rìn síwájú díẹ̀, ògiri kejì ní “DO NOT URINATE HERE.” Ìtọ̀ ò gbọ̀n mí! Jẹ́jẹ́ mi ni mò ń lọ, ó ti fẹ̀sùn kàn mí kí n tó dé ibẹ̀. Mo bọ́ sí títì tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, típà tó ń kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta lágbègbè wa kọjá lára mi, ó fi èéfín bò mí lójú, ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ sì ni “KEEP OFF.” Ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà lọ sóko kí wọ́n tó bí ẹni tó ń wa mọ́tò náà! Ní ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ọ̀hún, pátákó kan wà tó ní “DANGER, KEEP OUT.” Èyí nìkan ni mi ò bá jà. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ò mọ àgbà.

Ọmọ ọmọ mi ló jẹ́ kí n mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Ó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé láti ilé ìwé: kó kọ gbólóhùn àṣẹ mẹ́wàá ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì fi ẹnu sọ wọ́n kó lè mọ́ ọn lára. Ọmọ náà ò wá ẹni tó máa pàṣẹ fún lọ sí ibi tó jìnnà. Ó dúró níwájú mi, ó na ìka, ó ní, “Stand up! Sit down! Close the door! Bring my food!” Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, iṣẹ́ ilé ìwé ni.” Ọmọ ọdún méje ń sọ fún mi pé kí n gbé oúnjẹ òun wá, wọ́n sì máa fún un ní máàkì sí i! Nígbà tí ìwé náà padà dé, olùkọ́ ti fi bírò pupa kọ “SEE ME” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí tàbí èmi. Láti ìgbà náà ni mi ò ti gba ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn kọjá mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan yá yàrá lọ́wọ́ mi. Ó ń kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tó wà ní Òsíẹ̀lẹ̀. Mo gbé ẹjọ́ náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó kí n ṣàlàyé.” Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní gbogbo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́dọ̀ ní olùwà, ìyẹn ẹni tàbí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ inú gbólóhùn náà. Bí kò bá sí olùwà, olùkọ́ á fa igi pupa sí i pé kò pé. Àfi gbólóhùn àṣẹ. Nínú ti àṣẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe á kàn já wọlé ní ìhòòhò: Go. Come. Eat.

Mo ní, “Olùwà rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Ó wà níbẹ̀, Bàbá. ‘You’ ni. A ò kàn rí i ni, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo èèyàn.”

Ó yé ta ni? Èmi tí mo fẹ́ dìde, èmi tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, èmi tí eékún ń dùn, èmi gan-an ni wọ́n yọ kúrò nínú gbólóhùn! Wọ́n dárúkọ ilẹ̀kùn, wọ́n dárúkọ oúnjẹ, wọn ò dárúkọ ẹni tó máa ṣe wàhálà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa náà ní irú rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, mo lè ní “Jókòó,” “Dìde,” “Lọ bu omi wá,” kò sì sí olùwà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbà, tàbí bí wọ́n bá ju ẹnì kan lọ, “ẹ” gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ jókòó. Ẹ dìde. “Ẹ” yẹn ni olùwà. Ó dúró níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó dé fìlà, gbogbo ayé rí i. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí ló ń sọ èèyàn di olùwà. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dàgbà kí n lè dé inú gbólóhùn, Gẹ̀ẹ́sì wá ní kí n jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ tù mí nínú. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní “ẹ” tiwọn rí. Láyé àtijọ́, “thou” ni wọ́n máa ń pe ọmọdé, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. “You” ni ti ọ̀gá, àti ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní láàárín 1600 sí 1700, nígbà tí “thou” ti ń kú lọ lẹ́nu wọn, George Fox àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Quaker kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní fi “you” pọ́n ẹnikẹ́ni lé, wọ́n ń pe adájọ́ àti ìjòyè ní “thou,” ọ̀pọ̀ ló sì fi ara gba ìyà nítorí rẹ̀. (Irú wọn ì bá dé ọjà Ìtòkú pẹ̀lú ìwà yẹn, ìjọ náà ì bá ti parí síbẹ̀.) Nígbà tó yá, “thou” kú pátápátá, “you” nìkan ló kù fún tọmọdé tàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá, ṣé ẹ rí i báyìí? ‘You’ yẹn, ‘ẹ̀yin’ ni. Wọ́n ti sọ gbogbo ayé di àgbà.”

Inú mi dùn títí tí mo fi fẹ́ dín owó ilé kù fún un. Àfìgbà tí mo ronú kàn án. Bó bá jẹ́ inú “you” ni gbogbo ọ̀wọ̀ tó ṣẹ́ kù fún wọn wà, ṣebí “you” náà ni wọ́n ń gbé pamọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́? Mo bi í. Ó dákẹ́. Ó ní òun ní ìdánwò láàárọ̀ ọ̀la.

Mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára mi. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìwé, nígbà tó yá, ó kan èmi náà. Gẹ̀ẹ́sì tí etí mi kọ́kọ́ gbọ́, àṣẹ ni. Sìtáńdọ́ọ̀pù. Sìdáàn. Nìídáàn. Gbé ọwọ́ sókè, pa ojú dé, fi ọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì lè gbà fi èèyàn sórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ mi bí mo ṣe lè sọ orúkọ ara mi nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Èdè wo là ń sọ sí ajá nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Ìyá àgbàlagbà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, bí ajá bá yọ orí sí ilé ìdáná rẹ̀, “Gẹ́ráọ̀ù!” ni yóò kígbe. Ọdẹ tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì kí èèyàn káàárọ̀ á sọ fún ajá rẹ̀ pé “Kọ́ọ̀mù! Gòó! Sìdáàn!” Yorùbá ni ewúrẹ́ ń gbọ́, Yorùbá ni adìẹ ń gbọ́. Ajá nìkan la yà sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé lórí ẹ̀, a kàn mọ̀ nínú ara wa pé èdè tí a lè fi pàṣẹ fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin láìbẹ̀rù pé a rí i fín ni. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu tíṣà mi lódindi ni ajá mi ń gbọ́ lẹ́nu mi, ó sì ń gbọ́ràn jù mí lọ.

Bí ẹ bá rò pé ìwà èèyàn ni, tí kì í ṣe èdè, ẹ bá mi wọ mọ́tò lálẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà á dá wa dúró, wọ́n á yan iná tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú. “On your inner light! Come down! Open your boot!” Ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu bóyá yóò hù! Ṣùgbọ́n bí mo bá fi orí yọ lójú fèrèsé tí mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ yín,” lójú ẹsẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì á wálẹ̀. “Háà, Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ máa lọ. Ẹ rọra máa lọ o.” Ẹnu kan náà! Kò tíì dàgbà sí i láàárín ìṣẹ́jú náà, èmi náà ò sì tíì darúgbó sí i. Èdè ló yí padà.

Fóònù náà ò yàtọ̀. Ní December 2020 ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní NIN, mọ́ nọ́ńbà fóònù wọn. Láti ọjọ́ náà ni fóònù mi ò ti jẹ́ kí n sinmi: Link your NIN. Link your NIN today. Dial. Visit. Submit. Ní April 4, 2022, wọ́n dí ìlà àwọn tí kò tíì ṣe é, wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti ṣe tèmi tipẹ́, fóònù ò sì dákẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí ara máa ń tù mí ni ìgbà tí mo bá pe ilé iṣẹ́ tó ni ìlà fóònù mi, tí wọ́n ní kí n yan èdè, tí mo yan Yorùbá. Ọmọbìnrin kan á bọ́ síbẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, “Ẹ tẹ ookan,” “Ẹ dúró díẹ̀.” Mo máa ń dúró. Nígbà mìíràn mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ béèrè.

Nílé tèmi, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ yẹn, wọn kì í pàṣẹ fún mi. Ìyàwó mi, láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wálé, kò fi gbólóhùn àṣẹ kan bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìròyìn ló máa ń sọ. Á ní, “Ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀ o, aṣọ ṣì wà lórí okùn.” Mo ti dìde. Á ní, “Ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí ń dún, ilé káfíńtà sì ni wọ́n ń pè é.” Mo ti gbé òòlù. Á ní, “Mi ò mọ̀ bóyá gáàrì yẹn máa tó alẹ́.” Mo ti wà lójú ọ̀nà ọjà. Bí ẹ bá gbé e lọ sí kóòtù, kò sí adájọ́ tó lè rí àṣẹ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó ti sọ, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kọ ọ̀kankan rí. Ìyá tó bí mi ò sọ̀rọ̀ rárá, ojú ló fi ń ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà tó bá sì fẹ́ rán èèyàn níṣẹ́ á ní, “Bá mi gbé omi yẹn,” bí ẹni pé àwọn náà ti gbá etí garawa kan mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta pákó fún mi, ọmọ Oǹdó, ní ariwo Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ “ẹ” yìí. Ó ní nínú ẹ̀ka èdè tiwọn, ọmọ lè fi “ìwọ” bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó má sí àrífín kankan níbẹ̀. Mo ní kò burú, bàbá yẹn ṣáà mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ó sì lè fi ọ̀pá kàn án. Katikíìsì ìjọ wa bi mí pé nígbà tí mo bá ń gbàdúrà, tí mo ní kí Olúwa fún mi, kó gbà mí, kó dárí jì mí, ṣé mo máa ń fi “ẹ” síwájú rẹ̀. Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ṣe?

Ẹni tó dùn mí jù ni àna mi tó wà ní Kétu. Lápá ọ̀hún ààlà ni, ní Benin tí wọ́n ń pè ní Dahomey tẹ́lẹ̀, lára ilẹ̀ tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 gbé fún Faransé. Yorùbá bí èmi ni, káfíńtà bí èmi ni. Ṣùgbọ́n Faransé ní ti àgbà lọ́tọ̀, ó ní ti ọmọdé lọ́tọ̀: bí wọ́n bá ní kí àna mi jókòó, “asseyez-vous” ni, “assieds-toi,” ti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ owó ní Kùtọ́nù pàápàá ń bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀wọ́ kó fi káàdì rẹ̀ sí i, “votre” ni, kì í ṣe “ton,” bí ẹni ń bá olóyè sọ̀rọ̀. Ó máa ń fi èyí fọ́nnu lójú mi nígbà tó bá wá kí wa.

Mo wá jókòó rò ó. Ní March 3, 1851, Gẹ́zò ọba Dahomey kó ogun dé ẹnubodè Àró láti wá pa Abẹ́òkúta run. Àwọn baba wa, àti àwọn ìyá wa tó ń gbé omi àti ẹ̀tù lọ sórí odi, lé wọn padà. Ní 1864 wọ́n tún padà wá, a tún lé wọn. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, Faransé ti gba Dahomey. Ká ní Dahomey ti borí wa ni, bóyá Faransé náà ló máa bá wa nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ì bá sì máa fi “vous” pọ́n mi lé lónìí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò sọ pé kí wọ́n borí wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé a jagun, a ṣẹ́gun, a dáàbò bo odi, Gẹ̀ẹ́sì wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́, ó ní, “Sit down.”

Ẹ̀gbá kan sì wà tí kò jókòó. Lọ́dún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń jà nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nílùú nígbà náà, ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Aké tó jáde ní 1981. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan jágbe mọ́ ìyá náà pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Gbólóhùn àṣẹ gidi, olùwà rẹ̀ ò sí níbẹ̀, “please” ò sí níbẹ̀. Ìyá yìí fi owó orí sílẹ̀ ná. Ó jẹ́ kó yé ọmọkùnrin náà pé wọ́n bí i lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn ò tọ́ ọ, ó wá bi í bóyá ó lè la ẹnu rẹ̀ bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi í o! Àwọn obìnrin náà ò sì dákẹ́. Ní January 3, 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí ìtẹ́ nígbà tó yá.

Mo ti gbìyànjú ọ̀nà Ìyá Ransome-Kuti. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ owó, mo bi í bóyá ó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ní kí n yára. Ẹ̀rọ ò ní ìyá, ìyẹn gan-an ni wàhálà tèmi.

Ẹ má rò pé gbogbo àṣẹ ni mo kórìíra. Mo ní oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Àlàbàtà, máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ lóko. Wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ fi mítà kan sáàárín igi kan sí èkejì, níbùú lóòró. Ẹ máa rí 10,000 igi ẹ̀gẹ́ lórí hẹ́kítà kan.” Mo gbọ́, mo ṣe é, ẹ̀gẹ́ náà sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ike oògùn apakoríko wò. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, àṣẹ ni: fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, bo imú, má jẹun, má mu sìgá, fọ ọwọ́, má tún lo ike yìí, gbé e kúrò níbi tí ọmọdé lè dé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tí mi ò lè rí bí mo tiẹ̀ wọ awò méjì. Ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tèmi, bí ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́nkoríko rẹ̀ bá dí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ike tó bá sì ti tán, epo pupa ló ń rọ sí i. Mo ti bá a sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ti jáwọ́. Ta ni ì bá sọ fún un? Ògiri tó ní kí n má tọ̀ fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà débi tí afọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Àṣẹ kan ṣoṣo tó lè gba ẹ̀mí èèyàn là, abẹ́ ike ni wọ́n fi pamọ́ sí.

Ohun tó wá mú mi pariwo síta báyìí ni ti owó mi. Mo fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lójú títì wa. Ọmọbìnrin náà ní, “Bàbá, ẹ bá mi tẹ PIN yín.” Ẹ̀rọ ní “ENTER PIN.” Ti ọmọbìnrin náà ni mo gbọ́. Ẹ̀rọ ní “DECLINED,” fóònù mi dún, wọ́n ti yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì mi. Ẹ̀rọ ní “TRY AGAIN.” Kí n tún gbìyànjú kí ni? Kó lè jẹ ìyókù?

Mo lọ sí báńkì. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní kí n yọ irin tó wà lára mi, ìwọ̀n tí mo fi ń wọn pákó ni mo gbàgbé sápò. Ọmọ tó wà lórí àga fún mi ní fọ́ọ̀mù. Write in block letters. Tick as appropriate. Do not write below this line. Kò sí ohun tí mo lè kọ sókè ìlà náà tó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gbé e délé, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kó gbé bírò, kó kọ lẹ́tà: “Dá owó mi padà.”

Ó ní, “Bàbá, wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?”

Ó kọ ọ́: I humbly wish to request that you kindly. Mo ní, “Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ṣebí èdè wọn ní gbólóhùn àṣẹ?” Ó ní ó ní i, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í fi kọ̀wé sókè. Níbẹ̀ ni mo ti rí gbogbo rẹ̀ kedere. Láyé ìjọba òyìnbó, bí bàbá mi bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì, akọ̀wé lẹ́tà á kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, á fi “I have the honour” bẹ̀rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́ tó ń gbọ́ràn kó tó buwọ́ lù ú. Èyí tó bá ti ọ́fíìsì bọ̀ wálẹ̀, kúkúrú ni: Pay. Vacate. Remove. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ “STOP WORK” sára yàrá kan tí mò ń kọ́ kún ilé fún ọmọ mi. Mo ra ọ̀dà pupa tèmi náà. Ṣé mo lè lọ kọ “REPAIR ROAD” sára ọ́fíìsì wọn? Ọ̀dà ọ̀hún ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

A fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú “kindly” mẹ́ta nínú rẹ̀. Wọn ò pẹ́ fèsì, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Fóònù mi dún. Ó pè mí ní Dear Customer, ó ní kí n lọ sí ẹ̀ka tó súnmọ́ mi jù pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé owó iná. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ “DO NOT REPLY TO THIS MESSAGE.” Kí n tó kà á tán, òmíràn ti wọlé láti ibì kan náà. Rate our service. Reply with 1 to 5.

Àkọ́kọ́ ní kí n má fèsì, èkejì ní kí n fèsì, wọn ò sì tíì dá kọ́bọ̀ kan padà. Mo wá òdo láàárín ookan sí àrún, kò sí níbẹ̀. Mo tẹ òdo. Ó ní “INVALID ENTRY. TRY AGAIN.”